Òróró tó di awọ: kí ni seasoning páànù onírin?

Bí wọ́n bá dárúkọ seasoning, Maggi àti kọrí ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tó ń lo páànù onírin wúwo, irú èyí tí wọ́n yọ́ irin dà, kò kan adùn ọbẹ̀ rárá.

Ẹ wo ẹ̀yìn páànù tí ẹ fi ń dín dòdò. Òróró tó ń ṣàn síbẹ̀, tí iná ń jó lójoojúmọ́, ti gbẹ mọ́ ọn, ó dúdú, ọṣẹ ò ràn án. Kì í ṣe òróró mọ́. Iná àti afẹ́fẹ́ ti sọ ọ́ di nǹkan líle, bí ọ̀dà tó gbẹ lára ilẹ̀kùn. Seasoning náà nìyẹn, àfi pé èyí, a mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ ẹ sínú páànù ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí irin má baà dógùn-ún, kí ẹyin má sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ra tòkunbọ̀ kan tó ti dógùn-ún látòkè délẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi òòfà kàn án, torí alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ "ìkòkò irin" ọjà wa. Òòfà kì í mú alumíníọ̀mù, irin ló ń mú. Mo tún fi ìka kàn án: ó dún gooro. Ká ní ó dún gbì ni, á jẹ́ pé ó ti sán, èyí kò sì lóògùn.

Mo pò fínígà àti omi ní ọgbọọgba, mo rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, mo fi kànìnkànìn onírin bó o. Ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́jú níbẹ̀ o, fínígà á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ irin gan-an. Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, iná ni kẹ́ ẹ fi gbẹ ẹ́ kíá.

Ibi òróró ni mo ti ṣìṣe. Mo dà á bí ẹni fẹ́ dín àkàrà, ó sì lẹ̀ bí oje igi. Mo bó o, mo tún bẹ̀rẹ̀: òróró sóyà díẹ̀, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí aṣọ ò fi rí nǹkan mú mọ́, mo dojú rẹ̀ dé nínú ófùnù ní 230°C fún wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kó tó dúdú dáadáa. Ẹni tí kò ní ófùnù lè gbé e sórí iná títí èéfín rẹ̀ á fi dá.

Dòdò ni mo ṣì fi ń dín. Ọbẹ̀ tòmátò kò tíì dé ibẹ̀, kíkan rẹ̀ máa ń bó awọ tuntun.