Ẹ Yéé Wo Ojú Olóṣèlú Lẹ́yìn Ìkọlù

Ó ti sú mi o. Bí àwọn apániláyà bá ti ṣọṣẹ́ níbì kan, kílẹ̀ tó ṣú fídíò á ti kún Wasáàpù mi: "Ọ̀gá, ẹ bá wa wò ó, ṣé ẹkún tòótọ́ ni gómìnà ń sun yìí?" Kí ló kàn mí? Ọ̀rọ̀ olóṣèlú ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú, mi ò kọ́ omijé. Àwọn tó ń jẹ dátà yín lórí YouTube, tí wọ́n láwọn ń fi bójú ẹni ṣe ń ṣẹ́ mọ òpùrọ́, àtàwọn wòlíì tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìsìnkú ni wọ́n máa ń rántí ìran tí wọ́n rí, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n.

Ohun tí èmi ń wá ò ju ta ni wọ́n ló ṣe é, ìgbà wo ni wọ́n dárúkọ ẹ̀, kí lẹni tó dárúkọ máa rí jẹ níbẹ̀.

Ẹ wo Madrid, olú ìlú Spain. Ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2004, bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ ojú irin mẹ́rin, òkú lé ní 190, ìbò sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mínísítà abẹ́lé, Ángel Acebes, ti ní ETA ni, àwọn Basque tó ń jà fún òmìnira, kò síyèméjì. Aznar tó jẹ́ olórí ìjọba fúnra ẹ̀ ń pe àwọn olóòtú ìwé ìròyìn, ìgbìmọ̀ ààbò UN pàápàá dárúkọ ETA nínú ìpinnu tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ìwádìí wo ni wọ́n ti ṣe ná? Tó bá jẹ́ ETA ni, ìjọba tó ń gbógun tì wọ́n ló jèrè, àmọ́ tó bá jẹ́ alákatakítí ẹ̀sìn ni, aráàlú á bi í nípa sójà tó kó lọ sí Iraq tí wọ́n láwọn ò fẹ́. Ọlọ́pàá rí kásẹ́ẹ̀tì Kùránì nínú ọkọ̀ kan lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ìjọba ò yéé pariwo ETA. Wọ́n fìdí rẹmi nínú ìbò.

Ti Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022 ni wọ́n pa àwọn olùjọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó máa fi di ọjọ́ 9 oṣù náà, Arẹ́gbẹ́ṣọlá tó jẹ́ mínísítà abẹ́lé nígbà náà ti ní ISWAP ni, ẹgbẹ́ apániláyà tó ya kúrò lára Boko Haram. Akérédolú tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà ní ìyẹn ti yá jù, lẹ bá ń bi mí bóyá ó ń gbè sẹ́yìn àwọn apààyàn ni! Lóṣù kẹjọ 2025 tí DSS gbé èèyàn márùn-ún lọ kóòtù l'Ábújá, Al-Shabaab, ẹgbẹ́ apániláyà mìíràn, ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn.