Oró ló ń jẹ́, ẹ yéé pè é ní agbára

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́, mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀yà kòrónà tuntun bá ti yọjú, ohun tí ẹ máa gbọ́ lórí rédíò níbí ní Àkúrẹ́ ni pé "kòrónà tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ti dé o". Agbára wo? Ṣé agbára láti ràn ni, àbí agbára láti pààyàn, àbí ti pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ò ká a mọ́? Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o, wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ dà sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹni tó ń gbọ́ á sì mú èyí tó bà á lẹ́rù jù tàbí èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Nígbà tí ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Omicron dé ní oṣù kọkànlá 2021, mo gbọ́ lẹ́nu olóòtú ètò ìlera kan pé àyípadà tó wà lára ẹ̀gún ẹ̀, ìyẹn àwọn ṣóńṣó tó yọ síta lára ẹ̀, lé ní 30, torí náà ó lágbára ju Delta, ẹ̀yà tó gbòde ṣáájú ẹ̀, lọ. Ó parí, ó fi orin sí i. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ palẹ̀ igbá mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní òun ò ní jáde títí ikú tuntun yìí á fi kọjá. Nígbà tó yá tí ìròyìn yí padà pé "kò lágbára mọ́", ẹnì kan ládùúgbò wa tí bàbá ẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún wá ń bi mí pé kí ni bàbá tún fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe. Agbára ni wọ́n sọ fún àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tí wọ́n sọ ohun tó yẹ kó mọ̀ fún nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n lò ni oró. Oró ni ìwọ̀n ìyà tí kòkòrò àrùn lè fi jẹ ara tó bá wọ̀. Ìtànkálẹ̀ sì ni bó ṣe ń yára kúrò lára ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì. Àwa ará ìpínlẹ̀ Oǹdó ló yẹ kí èyí tètè yé jù, torí ibà Lassa kì í fi wá sílẹ̀ lọ́dọọdún, pàápàá lápá Ọ̀wọ̀. Lassa lóró gan-an, ẹni tí wọn ò bá tètè gbé dé ọsibítù, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ràn láti ara èèyàn sí èèyàn ò sún mọ́ ti kòrónà rárá, eku ló ń kó o bá wa jù. Ọ̀fìnkìn ńkọ́? Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti kárí ilé, oró ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ta ló fẹ́ fi "agbára" ṣàlàyé méjèèjì? Àwọn kan tún máa ń ya bóyá kòkòrò lè dá àrùn sílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára bí àrùn náà ṣe le tó, mi ò rí ohun tí ìyẹn fẹ́ ṣe fún ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ láàbù, abẹ́ oró ni mo kó gbogbo ẹ̀ sí.

Wọ́n ti bá mi jà lórí oró yìí o. Nọ́ọ̀sì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dáadáa ní ejò àti àkeekèé ló ni oró, pé fáírọ́ọ̀sì ò ní àpò oró lẹ́nu, pé kí n kúkú kọ "vírúléǹsì" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ejò ló wà nínú oògùn olóró tí wọ́n ń kéde nínú ìròyìn lójoojúmọ́? Àkeekèé ló ta ẹni tó kú ikú oró ni? Ẹni tí wọ́n dá lóró, ṣé ẹnikẹ́ni bù ú jẹ ni? Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lẹ́nu ejò tipẹ́, ohun tó ń bani lára jẹ́ láti inú wá ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìwọ̀n, torí a máa ń sọ pé oró èyí ju ti tọ̀hún lọ. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Tíṣà kan ní "ìwà ìkà" ló dáa jù. Rárá o. Ìkà ní èrò lọ́kàn, fáírọ́ọ̀sì ò ní ọkàn tó fi ń ro nǹkan kan. Ẹlòmíì mú "májèlé" wá, ìyẹn sì nìyí, nǹkan téèyàn lè bù sínú ife ni májèlé, a ò lè sọ pé májèlé Delta ju ti Omicron lọ kó bá etí mu. Ní ti "vírúléǹsì", ẹ lọ sọ ọ́ fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn kẹ́ ẹ wò ó bóyá á yé e.

Èyí tó tún burú ju agbára lọ ni "ìparadà". "Fáírọ́ọ̀sì ti para dà". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń para dà? Nínú ìtàn ọdẹ, àgbọ̀nrín ló ń bọ́ awọ sílẹ̀ tó ń di obìnrin arẹwà lọ sọ́jà, ó mọ ohun tó ń ṣe, ó mọ ìdí tó fi ń ṣe é. Ẹni tó bá gbọ́ ìparadà á rò pé kòrónà jókòó, ó gbìmọ̀ bó ṣe máa dọ́gbọ́n sí wa. Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ RNA ẹ̀, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀, tó nǹkan bíi lẹ́tà 30,000, gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí wọ́n ti ń dà á kọ ni wọ́n ti ń ṣì í kọ. Ìdí tí mo fi ń pè é ní àṣìdàkọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kò sì parọ́ mọ́ fáírọ́ọ̀sì. Kòrónà tiẹ̀ ní purotéènì kan tó ń tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò tó ń pa àṣìṣe rẹ́, ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì RNA míì ò ní in, ìyẹn ni àṣìdàkọ ẹ̀ ò fi yára tó ti flu. Nǹkan bíi méjì ló ń dúró lára ẹ̀ lóṣù kan bó ṣe ń ràn káàkiri.

Ọ̀pọ̀ àṣìdàkọ ò ṣe nǹkan kan. Àwọn míì tiẹ̀ ń ba fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́, kò ní lè pọ̀ mọ́, ó tán síbẹ̀. Torí náà kíka iye wọn bí olóòtú yẹn ṣe kà á ò sọ nǹkan kan fún wa nípa oró. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ibi tó bọ́ sí ló ṣe pàtàkì.

Ẹ mú Delta wò. Àwọn ẹ̀gún kan wà lára kòrónà tó fi ń so mọ́ sẹ́ẹ̀lì wa. Kó tó lè wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé ẹ̀gún yìí níbi méjì, purotéènì ara tiwa fúnra wa ló sì ń bá a gé e. Delta ní àṣìdàkọ kan ní ipò 681, wọ́n ń pè é ní P681R, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀gún náà gan-an ló bọ́ sí, ó wá jẹ́ kí gígé yẹn rọrùn sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kó Delta a máa lẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á di ìṣù kan. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi àṣìdàkọ kan ṣoṣo yẹn sára kòrónà tí kò ní in, tí wọ́n kó o ran eku hámstà, àìsàn eku náà le sí i. Lẹ́tà kan o! Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá kó Delta, ewu pé á dèrò ọsibítù tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó kó Alpha, ẹ̀yà tó gbòde níbẹ̀ ṣáájú Delta.

Omicron gba ọ̀nà míì. Àwọn àṣìdàkọ ẹ̀gún ẹ̀ tó lé ní 30 yẹn mú kó má fi bẹ́ẹ̀ lè lo TMPRSS2, ìyẹn purotéènì agẹ̀gún tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró, ó wá ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbé òun mì kó tó jáde nínú ibi tó gbé e sí. Èyí rọ̀ ọ́ lọ́rùn ní ọ̀nà ọ̀fun ju ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ní Yunifásítì Hong Kong, wọ́n fi í sára ẹran ara èèyàn ní láàbù, láàárín wákàtí 24 ó ti pọ̀ ní ìlọ́po 70 ju Delta lọ nínú ọ̀nà èémí, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dọ̀fóró fúnra ẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti kòrónà àkọ́kọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ ka ọ̀fun sí gáréèjì Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ ka ẹ̀dọ̀fóró sí Ìdànrè lábẹ́ òkè lọ́hùn-ún. Jàǹdùkú tó bá bọ́ọ́lẹ̀ ní gáréèjì, kó tó jókòó ọkọ̀ Ọ̀wọ̀ ti ń pè é, ọkọ̀ Adó-Èkìtì ti ń pè é, ti Iléṣà ń fẹ́ gbéra, kò ní pẹ́ tó fi máa dé ìlú mẹ́wàá, wàhálà tó sì lè ṣe ní gáréèjì ò ju kó da ọjà rú, kó fọ́ gíláàsì díẹ̀. Èyí tó bá wọ Ìdànrè lọ, ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé onílé ló wà, ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, ilé gbogbo ló máa gbọ́ ọ. Omicron ni èrò gáréèjì. Delta ń ṣe méjèèjì, ìdí tó fi pa wá lẹ́kún tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ẹ̀gún nìkan o. Ní Singapore ní 2020, wọ́n rí ẹ̀yà kan tí lẹ́tà 382 ti já bọ́ nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní ORF8, tó jìnnà sí ẹ̀gún, àwọn tó kó o ò fi bẹ́ẹ̀ nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Oró ẹ̀ dín kù, kò sì pẹ́ tó fi dàwátì.

Àwọn kan á wá sọ pé òfin ni, pé fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa rọ̀ bó bá ṣe ń pẹ́. Ta ló ṣòfin yẹn? Kòrónà ti máa ń ràn kí ẹni tó ní in tó dùbúlẹ̀, torí náà bí ẹni náà kú bó yè, ó ti ráyè lọ ní tiẹ̀. Alpha lóró ju ti àkọ́kọ́ lọ, Delta tún ju Alpha, ibi tí wọ́n ti ń rọ̀ dà níbẹ̀?

Oró ò sì dá dúró sára fáírọ́ọ̀sì, ó kan ara tó wọ̀ náà. Omicron tí gbogbo ayé ní ó rọ̀ yìí wọ Hong Kong ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ó pa èèyàn tó lé ní 9,000, àwọn arúgbó tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ tó pé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní tiwa níbí, Dókítà Wahab Adegbenro tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ń ṣáájú ìjà kòrónà fún wa, oṣù keje 2020 ni àrùn yìí pa wọ́n. Kò tíì sí Delta nígbà yẹn, kò sí Omicron, kò sí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ara tí kò tíì bá a pàdé rí ni gbogbo wa gbé dúró dè é.

Àti ẹ̀yà tí wọ́n pè ní Eta, tí wọ́n rí ní Nàìjíríà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejìlá 2020, ó ní àṣìdàkọ E484K, ìyẹn sì ń jẹ́ kó ṣòro fún ọmọ ogun ara láti dá ẹ̀gún náà mọ̀. Wọ́n tún ní ó lágbára. Bíbọ́ mọ́ ọmọ ogun ara lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ má gbé e ka orí oró.

Ẹ̀yin olóòtú, ọ̀rọ̀ yìí ò gùn ju ohun tí ẹ lè kà kí orin tó wọlé. Ká ní ẹ sọ ọ́ báyìí nígbà ti Omicron: "Ẹ̀yà tuntun ti dé, ó ń yára ràn ju Delta lọ, ó ń bọ́ mọ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nígbà míì, oró ẹ̀ ò tó ti Delta, ṣùgbọ́n àgbà tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ kó tètè lọ gbà á." Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ò bá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, wọn ò bá sì ti gbé bàbá ládùúgbò wa lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà.