Sáfà géèmù nínú kọ̀ǹténà: ohun tó lè kú, àti ohun tí kò gbọdọ̀ kú

Bí ènìyàn mẹ́ta bá fẹ́ jọ ṣe Minecraft, kò le rárá: ẹnì kan á ṣí ayé géèmù lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, àwọn méjì yòókù á wọlé bá a. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oorun bá ń kùn ẹni tó ṣí i. Tó bá ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ilẹ̀kùn ayé tí wọ́n jọ ń kọ́ ti tì nìyẹn, káwọn tó kù náà máa lọ sùn ló kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rọ kan tí kì í sùn, tí wọ́n á gbé sáfà géèmù, ìyẹn ètò tó ń ṣí ayé náà sílẹ̀ fún gbogbo wọn, sórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí sáfà kan bá wá di mẹ́rin, tí géèmù bíi Valheim àti Terraria bá dara pọ̀ mọ́ Minecraft, wọ́n á nílò pánẹ́ẹ̀lì. Ètò orí wẹ́ẹ̀bù ni pánẹ́ẹ̀lì. Inú bùráwúsà ni wọ́n ti ń ṣí i, ó ní bọ́tìnì tí a fi ń gbé sáfà dìde, bọ́tìnì tí a fi ń dá a dúró, ibi tí a ti ń ka ohun tí sáfà ń sọ, àti àyè láti tún fáìlì ṣe. Ẹni tí kò mọ òfin kan ṣoṣo ti Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, lè lò ó. Pterodactyl, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè gbé sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀, ni àlàyé yìí máa dá lé, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí i.

Inú kọ̀ǹténà ni Pterodactyl ń fi géèmù kọ̀ọ̀kan sí, nítorí náà ká kọ́kọ́ tú kọ̀ǹténà palẹ̀. Wọ́n sábà máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà kékeré nínú kọ̀ǹpútà ńlá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò lásán ni, orí kernel kan náà, ìyẹn ọkàn Linux, ni òun àti gbogbo ètò yòókù jọ ń ṣiṣẹ́, àfi pé Linux ti fi aṣọ bò ó lójú. Namespace ni aṣọ náà: òun ló ń pinnu ohun tí ètò yẹn lè rí, kó má rí ju fódà tirẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tirẹ̀ àti àwọn ètò agboolé tirẹ̀ lọ. Cgroup ni òṣùwọ̀n oúnjẹ rẹ̀: RAM tó lè jẹ, agbára CPU tó lè gbà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Google ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ cgroup, ó sì wọ inú kernel Linux ní 2008, ní ẹ̀dà 2.6.24. Nígbà tí ètò Docker jáde ní 2013, ó di gbogbo rẹ̀ pọ̀ débi pé òfin kan ṣoṣo ti tó láti gbé kọ̀ǹténà dìde.

Docker tún mú image wá, èyí tó jẹ́ àpò tí a di ètò sí pẹ̀lú gbogbo ohun tó máa lò. Níbi ọ̀rọ̀ géèmù, àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Minecraft 1.20.5 kò ní jí láìsí Java 21 (Java ni ètò tí Minecraft ń gùn ṣiṣẹ́), ẹ̀dà 1.12 sì wà tó jẹ́ pé Java 8 ni wọ́n kọ ọ́ fún. Tí a bá kó àwọn méjèèjì sórí ẹ̀rọ kan láìsí kọ̀ǹténà, ìjà dé. Tí kálukú bá wà nínú kọ̀ǹténà tirẹ̀, kò sí ẹni tó mọ irú Java tí aládùúgbò rẹ̀ ń lò.

Ṣùgbọ́n image kì í gba àkọsílẹ̀. Bí kọ̀ǹténà bá dìde lára image, Docker á tẹ́ awẹ́ tínrín kan lé e lórí, ibẹ̀ ni ètò ń kọ nǹkan sí. Lọ́jọ́ tí a bá pa kọ̀ǹténà náà rẹ́, awẹ́ yẹn bá a lọ. Ẹni tó bá fi ayé géèmù síbẹ̀, ilé tí a fi itọ́ mọ ló kọ́, ìrì ló sì máa wó o. Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni kọ̀ǹténà ń kú: ẹ̀dà tuntun jáde, a pa ti àtijọ́, a gbé òmíràn dìde. Ẹni tó bá ń gbé irú ètò yìí kalẹ̀ ní láti mọ ohun tó lè kú níbẹ̀ láìsí ẹ̀dùn, kó sì ti gbé èyí tí kò gbọdọ̀ kú síta kí ọjọ́ náà tó pé.

Apá méjì ni Pterodactyl ní. Panel ni ojú tí a ń rí. PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, lórí Laravel (àkójọ irinṣẹ́ PHP), òun ló sì mọ ẹni tó ni sáfà wo àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ bọ́tìnì wo. Wings ni ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Go ni wọ́n fi kọ òun, orí ẹ̀rọ tí géèmù wà gan-an ló ń gbé, òun sì ló ń bá Docker sọ̀rọ̀. Panel kì í fọwọ́ kan géèmù rárá. Bí Panel bá kú lóru, àwọn tó wà nínú géèmù kò ní mọ̀. Eré wọn ń lọ. Bọ́tìnì nìkan ni kò ní sí títí Panel fi máa jí.

Géèmù kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìlànà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní egg. Inú rẹ̀ ni image tí géèmù náà ń lò wà, àti bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òfin tó ń jí i, títí dé ọ̀rọ̀ tó ń dá a dúró. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ojú ti rò lọ. Bí a bá fi `docker stop` lásán dá kọ̀ǹténà dúró, Docker á kọ́kọ́ sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé kó palẹ̀ mọ́, á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, lẹ́yìn èyí á fi agbára pa á. Ayé Minecraft tó ti tóbi lè má tíì kọ ara rẹ̀ tán láàárín àkókò yẹn. Nítorí náà ni egg Minecraft ṣe ní ọ̀rọ̀ `stop`, tí Wings máa ń tẹ̀ sínú console (ibi tí a ti ń bá sáfà sọ̀rọ̀) bí ìgbà tí ènìyàn tẹ̀ ẹ́, kí géèmù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kó tó jáde.

Panel kò lè dá gbé. Ó nílò dátábéèsì, MariaDB ni wọ́n sábà ń lò, àti Redis tó ń bá a mú ohun tó fẹ́ yára rántí lọ́wọ́. Kọ̀ǹténà mẹ́ta nìyẹn, fáìlì Compose kan, ìyẹn ìwé ìlànà tí a kọ fún Docker, ló sì ń to gbogbo wọn. Nínú fáìlì yẹn, ìlà kan wà tó yẹ kí ojú dúró lé:

```
volumes:
  - "/srv/pterodactyl/database:/var/lib/mysql"
```

Ohun tó wà lápá òsì àmì `:` tó wà láàárín orúkọ fódà méjèèjì jẹ́ fódà gidi lórí ẹ̀rọ. Ti apá ọ̀tún ni orúkọ tí MariaDB fi mọ̀ ọ́n nínú kọ̀ǹténà. MariaDB rò pé inú ilé òun lòun ń kọ nǹkan sí, kò mọ̀ pé ìta ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Ẹ pa kọ̀ǹténà náà, ẹ gbé tuntun dìde pẹ̀lú ìlà kan náà, gbogbo orúkọ àwọn oníṣe àti sáfà wọn á wà níbẹ̀ digbí. Ẹ yọ ìlà yẹn, Panel á jí bí ọmọ tuntun tí kò mọ ẹnikẹ́ni.

Ibi tó ń dààmú ènìyàn jù lọ ni Wings tí wọ́n bá gbé òun náà sínú kọ̀ǹténà. Ó rọrùn láti rò pé inú Wings ni kọ̀ǹténà géèmù á wà. Rárá o. Docker tó wà lórí ẹ̀rọ ni Wings ń bẹ̀ níṣẹ́, nípasẹ̀ fáìlì `/var/run/docker.sock` tí a fi lé e lọ́wọ́. Ọmọ ìyá ni kọ̀ǹténà Wings àti kọ̀ǹténà géèmù, kò sí èyí tó bí èkejì. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí Wings bá sọ pé, "Docker, mú fódà `/var/lib/pterodactyl/volumes` yìí fún géèmù." Docker kò mọ inú ilé Wings. Orí ẹ̀rọ ló máa wá fódà náà lọ. Bó bá jẹ́ pé `/home/geemu:/var/lib/pterodactyl` ni ẹnì kan kọ sínú Compose, `/home/geemu` ni fáìlì máa wà, ibòmíràn ni Docker á sì máa wá a. Ohun tó fà á nìyẹn tí orúkọ fódà fi gbọ́dọ̀ bára mu lápá méjèèjì: `/var/lib/pterodactyl/:/var/lib/pterodactyl/`. Ó dà bí àsọtúnsọ lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n òun ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ má gbàgbé pé ẹni tó bá ní `docker.sock` lọ́wọ́ ti ní gbogbo ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ó lè ní kí Docker gbé kọ̀ǹténà kan dìde tó máa rí gbogbo dísíìkì. A kì í fi lé ètò tí a kò mọ orísun rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹnu-ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù. Pọ́ọ̀tù 80 àti 443 ni bùráwúsà ń gbà wọ Panel. 8080 ni ti Wings, 2022 sì ni wọ́n ń gbà kó fáìlì wọlé pẹ̀lú SFTP. Ètò bíi Nginx tàbí Caddy ló sábà máa ń ṣe aṣọ́nà níwájú Panel, tó ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí HTTPS, ìyẹn ààbò orí wẹ́ẹ̀bù. Géèmù fúnra rẹ̀ kì í gba ọ̀dọ̀ aṣọ́nà yìí kọjá, torí kò sọ èdè wẹ́ẹ̀bù. TCP àti UDP ni ọ̀nà méjì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbà rìn lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì: 25565 lórí TCP ni Minecraft Java, 19132 lórí UDP ni Minecraft Bedrock, 2456 lórí UDP ni Valheim. Ẹni tó ṣí TCP fún Valheim á fi gbogbo ọjọ́ wá ẹ̀bi síbi tí kò sí.

Àrùn kan tún wà tó wọ́pọ̀: Panel ṣí dáadáa, gbogbo ojú ewé ń yọ, àmọ́ console kò ṣí, ó kàn ń yí lójú kan. Ìdí rẹ̀ ni pé tààrà ni bùráwúsà ń lọ bá Wings fún console, kì í gba inú Panel. Bí Panel bá wà lórí HTTPS tí Wings kò sì ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, bùráwúsà á kọ̀ jálẹ̀. Kì í jẹ́ kí ojú ewé tó láàbò bá ẹni tí kò láàbò sọ̀rọ̀. Ẹ fún Wings ní ìwé ẹ̀rí, àrùn náà lọ.

Ufw, ètò tí a fi ń ti pọ́ọ̀tù pa lórí Linux, náà ń tan ènìyàn jẹ. Bí Compose bá ṣí pọ́ọ̀tù kan, Docker fúnra rẹ̀ ló ń kọ òfin rẹ̀ sínú iptables, aṣọ́bodè inú Linux, òfin yẹn sì ń ya ufw sílẹ̀ kọjá. Ènìyàn lè ti 3306, pọ́ọ̀tù MariaDB, pa nínú ufw, kí dátábéèsì rẹ̀ ṣì wà ní gbangba fún gbogbo ayé. Ohun tó dáa jù ni kí a má ṣí i rárá, nítorí Panel lè bá a sọ̀rọ̀ nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Compose.

Bí sáfà bá ń kú lójijì tó sì ń fi nọ́ńbà 137 sílẹ̀, ẹ wo RAM. 137 yẹn jẹ́ 128 tí a fi 9 kún. 9 sì ni àmì tí kernel fi ń pa ètò láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n RAM tí `-Xmx`, nínú òfin tó ń jí géèmù, fún Java kò ju àyè tí ó ń kó nǹkan géèmù sí lọ, Java sì tún ń jẹ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wings máa ń fi èénì díẹ̀ kún òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n bí géèmù bá kún fún mod, ìyẹn àfikún tí àwọn ènìyàn kọ fún un, èénì yẹn kì í tó.

Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kó lọ sórí ẹ̀rọ tuntun ni a máa ń mọ̀ bóyá a ṣe é dáadáa. Image kò sí lára ẹrù, kọ̀ǹténà kò sí níbẹ̀. Docker á tún wọn fà wálẹ̀. Ẹrù tó wà nílẹ̀ ni ẹ̀dà dátábéèsì tí `mysqldump` gbé jáde, fáìlì Compose, fáìlì ìṣètò Wings, fódà ayé géèmù, àti APP_KEY Panel. Kọ́kọ́rọ́ kékeré yìí ni Laravel fi ti àwọn ohun àṣírí inú dátábéèsì. Bó bá sọnù, dátábéèsì wà ṣùgbọ́n a kò lè ka àwọn àṣírí yẹn mọ́. Kí a tó da ayé Minecraft kọ, a tẹ `save-off` àti `save-all` sínú console kó má baà máa kọ nǹkan sí i lọ́wọ́ tí a ń dà á kọ, a sì tẹ `save-on` tí a bá ṣe tán. Lẹ́yìn náà, a tọ́ka orúkọ dómáínì sí ẹ̀rọ tuntun, a fi àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ rọ́pò ti àtijọ́ nínú Panel, a gbé Compose àti Wings dìde. Ẹni tó jáde nínú géèmù lánàá lẹ́bàá ìléru irin rẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa bá ara rẹ̀.