Mole inú kẹ́místrì àti mole etíkun Èkó

Ẹni tó bá ka kẹ́místrì ní sẹ́kọ́ńdìrì ti bá mole pàdé. Bí a ṣe ń pe ẹyin méjìlá ní dọ́sìnì kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe átọ̀mù tàbí mólékù 6.02214076 × 10²³ ní mole kan. Nǹkan bí gírámù 18 omi, tí èèyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti pé mole kan. Ọdún 2019 ni wọ́n fìdí iye yẹn múlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, iye átọ̀mù tó wà nínú gírámù 12 kábọ̀nù-12 ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n.

Orúkọ yìí gan-an ló máa ń rú àwọn ọmọ lójú. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n á bá ẹranko kékeré kan tó ń gbẹ́ ihò sábẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù (ara òun ni wọ́n ti fa orúkọ amí tó fara pamọ́ sáàárín ọ̀tá yọ). Wọ́n á tún bá tàdáwà ara, tó ti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí àbàwọ́n wá. Kò sí èyí tó kan kẹ́místrì nínú méjèèjì.

Inú èdè Látìn ni ti kẹ́místrì ti wá. Moles ni wọ́n ń pe òkìtì ńlá, títí kan òkúta tí wọ́n tò sínú òkun láti dá ìgbì dúró. Èkó ní irú rẹ̀: East Mole àti West Mole, tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní nǹkan bí 1908 kí ọkọ̀ òkun ńlá lè máa wọlé láìfẹnu gúnlẹ̀ síyanrìn. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́, àmọ́ ẹlòmíì ló san owó rẹ̀. Iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn ń dúró sẹ́yìn West Mole, etíkun ibẹ̀ sì ń fẹ̀. Ìlà oòrùn ò rí tiẹ̀ gbà mọ́, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wá orúkọ fún òkìtì tíntìntín, wọ́n sọ moles di molecula, mólékù sì jáde níbẹ̀. Láàárín 1890 sí 1900, Wilhelm Ostwald, tó ń ṣiṣẹ́ ní Leipzig ní Jámánì, gé Molekül kúrú, ó di Mol. Ọmọ ìyá kan náà ni ògiri òkun Èkó àti mole inú ìwé kẹ́místrì.

Mole tó kù, ìyẹn ọbẹ̀ ata ilẹ̀ Mexico, kò bá wọn tan rárá. Molli ni wọ́n ń pè é ní èdè Nahuatl, òun náà ló wà nídìí guacamole tí wọ́n ń fi píà ṣe.