Kí ni "cycling" tí àwọn tó ń sin gọ́pì (guppy), ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère nì, ń sọ?

Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ra táǹkì gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí lónìí, kí wọ́n rọ omi sí i lónìí, kí wọ́n sì da gọ́pì sínú ẹ̀ lónìí náà, tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kejì ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní ẹni tó tajà ló ta ẹja aláìsàn fáwọn. Táǹkì yẹn ni ò tíì cycle.

Nínú odò Trinidad àti Venezuela tí gọ́pì ti wá, omi ń ṣàn, ó ń gbé ìdọ̀tí lọ. Nínú gíláàsì, ìdọ̀tí ò ríbi lọ. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù máa ń jẹrà di amóníà, ìyẹn kẹ́míkà kan tó jẹ́ májèlé fún ẹja, ẹja fúnra ẹ̀ tún ń tú amóníà jáde bó ṣe ń mí. Omi lè mọ́ gaara o, kí amóníà ti kún ibẹ̀. Ẹ máa rí i tí gọ́pì á máa fi ẹnu gba afẹ́fẹ́ lójú omi, ìrù tó máa ń tẹ́ rẹrẹ á ká pọ̀, àwọ̀ ẹ̀ á ṣá.

Bakitéríà kan wà tó ń sọ amóníà di nitrite. Nitrite náà ń pa ẹja, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé ọ́síjìn dáadáa, bakitéríà mìíràn ló máa wá sọ ọ́ di nitrate, ìyẹn ò le tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ó ti tó. Cycling ni kẹ́ ẹ dúró kí bakitéríà méjèèjì pọ̀ tó, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Ẹ tan fílítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí omi lójoojúmọ́ láìsí ẹja níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi test kit, ìyẹn ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, wò ó. Ọjọ́ tí amóníà àti nitrite bá jẹ́ 0, tí nitrate sì wà, ẹja lè wọlé. Tẹ́ ẹ bá lọ́rẹ̀ẹ́ tó ní táǹkì àtijọ́ tí ẹja ẹ̀ ò ṣàìsàn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gé fóòmù fílítà ẹ̀ díẹ̀ fún yín, ọjọ́ á dín kù gan-an.

Ara fóòmù yẹn gangan ni àwọn bakitéríà yẹn ń gbé jù, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, kílórínì inú ẹ̀ á pa wọ́n, omi tẹ́ ẹ bù jáde látinú táǹkì ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Tí NEPA bá sì mú iná lọ fún wákàtí gígùn, tí omi ò ṣàn gba inú fílítà, wọn ò ní rí ọ́síjìn tó, ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, wúlò gan-an níbí.

Ẹ má kó ẹja púpọ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bakitéríà gbọ́dọ̀ máa pọ̀ bí ẹja bá ṣe ń pọ̀. Abo gọ́pì sì máa ń bímọ ní bí oṣù kan síra, ó lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú fún oṣù mélòó kan, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ra òun nìkan ṣoṣo ọmọ ṣì lè kún táǹkì. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, akọ mẹ́rin márùn-ún ni mo máa ní kó rà, àwọn náà ló ní àwọ̀ jù.