Bí A Ṣe Ń Wá Àyè fún Tọ́bò Lábẹ́ Bónẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí a bá fẹ́ so tọ́bò, ẹ̀rọ tí ó ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, mọ́ ọkọ̀ asáré tí ilé-iṣẹ́ kò ṣe é mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ àyè ni ó máa ń kọ́kọ́ dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ agbára tó dé rárá. Abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń gbé wá sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Abẹ́òkúta ti kún tẹ́lẹ̀: rédíétọ̀ àti fáànù wà níwájú, bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀pá sítíárìn àti páìpù bíréèkì sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú èyí tí ó kù ni tọ́bò yóò jókòó sí, pẹ̀lú gbogbo páìpù rẹ̀.

Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní ọdún 1905. Èéfín tí ó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kan, ọ̀pá kékeré kan so abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ òmíràn, èkejì yìí sì ni ó ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kí epo lè jó dáadáa. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ẹnu mẹ́fà, ó kéré tán, ni tọ́bò máa ń ní: èéfín ń wọlé, ó ń jáde, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, ọ́ìlì ń wọlé, ó ń jáde. Ẹni tí ó bá wọn ìtóbi tọ́bò nìkan, tí kò wọn ibi tí páìpù kọ̀ọ̀kan yóò gbà kọjá, kò tíì wọn nǹkan kan.

Àyè tí a rí nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tí ó sì dúró jẹ́ẹ́ kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí yóò kù nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Orí ẹ́ńjìnnì síìtì tí a fi rọ́bà ṣe ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, bí awakọ̀ bá sì tẹ iná mọ́ ọn, yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Awakọ̀ tí ó bá ń ti etí odò Ògùn ní Láfẹ́nwá gun òkè wá sí àárín ìlú ń fi ẹrù ńlá lé e lórí, bí síìtì bá sì ti gbó, fífì náà yóò pọ̀ sí i. Ooru náà ní ìpín tirẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì tí ó ń lo epo bẹntiróòlù lè gbóná ju 900°C lọ nígbà tí iṣẹ́ bá le. Páìpù irin tí kì í dípẹtà tí ó gùn tó ìdajì mítà máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 6 gùn sí i bí ó bá fi 700°C gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó láti mú kí nǹkan tí kò kan ara ní òwúrọ̀ máa ha ara ní ọ̀sán.

Amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń mọ ère ni ohun èlò ìwọn tí ó dára jù. A óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tọ́bò àti gbogbo ibi tí a ń fura sí, a óò rọra ti bónẹ́ẹ̀tì, a óò tún ṣí i, a óò sì fi ọ̀bẹ gé amọ̀ náà láti wo bí ó ṣe nípọn tó. Lẹ́yìn èyí, a óò fi pátákó àti jáàkì rọra ti ẹ́ńjìnnì sí ọ̀tún àti sí òsì láti wo ibi tí yóò fì dé. Ní tèmi, àyè tí kò bá tó íǹṣì kan láàárín ohunkóhun tí ó ń mì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀ kò tó. Títí di ìgbà tí èyí yóò fi yanjú, kí wẹ́dà fi ojú jíjó kéékèèké mú páìpù nìkan, kí ó má tíì jó o délẹ̀.

Bí àyè kò bá tó, ara tọ́bò fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a lè tú bóòtù ilé afẹ́fẹ́ wọn, kí a yí ẹnu rẹ̀ sí ibi tí ó bá wù wá, kí a sì tún dè é padà. Bí ọwọ́ irin tí ó ń ṣí ọ̀nà èéfín bá wà lára ilé yìí, òun náà gbọ́dọ̀ yí tẹ̀lé e, kí ó má baà tẹ̀. Àárín tọ́bò ni a kò gbọdọ̀ yí bí ó ti wù wá, nítorí ọ́ìlì. Fífún ni ẹ́ńjìnnì ń fún ọ́ìlì wọlé láti òkè, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti kọjá lára béárìn tí ọ̀pá tọ́bò ń yí nínú rẹ̀, ó ti di fófòó, kò sì sí ohun tí ó ń tì í mọ́. Ó kàn ń dà sílẹ̀ padà sínú sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tí ó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ni. Nítorí náà ni ẹnu ìjáde rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọjú sí ilẹ̀, kí ó má yẹ̀ ju ìwọ̀n 35° lọ, kí họ́ọ̀sì rẹ̀ tóbi, kí ó má ká, kí ó sì wọ sọ́ǹpù ní òkè ojú ọ́ìlì. Bí a bá tẹ họ́ọ̀sì yìí kí ó lè gba ẹ̀gbẹ́ ṣéésì kọjá, ọ́ìlì yóò kún inú tọ́bò, yóò gba ara ọ́ìlì síìlì jáde, èéfín aláwọ̀ búlúù yóò sì máa tú lẹ́yìn ọkọ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ni ó ti ra tọ́bò tuntun nítorí èyí, nígbà tí àbùkù wà lára họ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn èyí ni a óò wo mánífóòdù, èyí tí ó so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà apá òsì ni sítíárìn wà. Lára irú ọkọ̀ BMW tí a ń pè ní E36 àti E46, èyí tí ó jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà, apá ọ̀tún ni èéfín ti ń jáde, tí ọ̀pá sítíárìn kò sí, èyí sì mú iṣẹ́ rọrùn. Mánífóòdù tí a ṣe fún àwọn ọkọ̀ tí sítíárìn wọn wà lọ́tùn-ún lè ti lọ́ láti yẹra fún ọ̀pá náà, kí ó wá gbé tọ́bò lọ síbi tí kò yẹ níhìn-ín. Kí a béèrè kí a tó rà á.

Bátìrì lè lọ sí búùtù, bí a bá fi fíúsì sí ìtòsí rẹ̀. A lè fi fáànù oníná pẹlẹbẹ rọ́pò fáànù ńlá. Bónẹ́ẹ̀tì ni a lè gé bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n òjò yóò máa gba ibẹ̀ wọlé. Ṣéésì àti ibi tí ṣọ́ọ̀kì dì mọ́ kò ṣe é gé, nítorí pé àwọn ni ó ń gba ìkọlù mọ́ra. Kí páńẹ́lì bítà má gbà bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ láti ṣe é.

Ibi tí nǹkan kò ti kan ara náà lè léwu. Omi bíréèkì DOT 4 tuntun kì í hó títí yóò fi dé 230°C, ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi mu, ìwọ̀n náà lè já sí 155°C. Ti DOT 3 kéré sí èyí. Bíréèkì tí omi rẹ̀ bá ń hó kò ní mú. Ó sàn kí a gbé páìpù bíréèkì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tọ́bò pátápátá. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi páànù tín-ín-rín dí ooru, kí àyè afẹ́fẹ́ sì wà ní ojú méjèèjì páànù náà.

Páìpù èéfín tí ó sọ̀kalẹ̀ láti ara tọ́bò nílò ibi rírọ̀ kan tí ó lè mì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òun ni ó súnmọ́ ilẹ̀ jù, nítorí àpáta àti gegele ojú ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí a tún nọ́ọ̀tì mánífóòdù dè, nítorí ooru máa ń tú wọn. Kí a fi iná tọ́ọ̀ṣì wá ibi tí ọ̀dà ti bó, tí rọ́bà ti yọ́ tàbí tí irin ti ń dán. Ibi tí èyí bá wà ni a óò tún tú, kí ọkọ̀ náà tó jáde lẹ́ẹ̀kejì.