Sáíkóánálísìsì nínú ìwé ìròyìn: iṣẹ́ Virgínia Bicudo

Ẹni tó ń ṣe sáíkóánálísìsì kì í fi oògùn wo èèyàn, ọ̀rọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wá gbàtọ́jú á dùbúlẹ̀ sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, onímọ̀ á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kí ojú wọn má bàa ṣe mẹ́rin. Ohunkóhun tó bá ti wá sọ́kàn ni yóò sọ: àlá, ìbínú, ọ̀rọ̀ ìtìjú, títí kan ìsọkúsọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni, ó sì lè tó ìgbà 4 tàbí 5 lọ́sẹ̀. Sigmund Freud, dókítà ará Vienna, ló dá a sílẹ̀. Ó ní apá kan wà nínú ọkàn tí ẹni náà gan-an kò mọ̀, tó sì ń tì í ṣe nǹkan.

Virgínia Bicudo, obìnrin ará Brazil tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, gbé irú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde síta. São Paulo ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1910. Ẹrú ni ìyá bàbá rẹ̀, ará Ítálì ni ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní «negrinha», ìyẹn ọmọdébìnrin aláwọ̀ dúdú, láti fi bú u, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ìrora yẹn ló gbé òun dé ìdí ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́dún 1945 ó kọ ìwé ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ní São Paulo. Adelheid Koch, dókítà Júù tó sá kúrò ní Jámánì, ló tọ́jú ọkàn rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1954, ó ń sọ̀rọ̀ lórí Rádio Excelsior, ó sì ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Folha da Manhã, lórí ọmọ títọ́ àti ìgbé ayé inú ilé. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ọdún 4 kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò fún. Ó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í, á ní òun fẹ́ràn àbúrò òun. Kò purọ́ o! Owú wà níbẹ̀, òun náà ni kò mọ̀. Ká máa nà án kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Lójú tèmi, ìyá tó ka irú èyí ti jèrè, àmọ́ ìtọ́jú kọ́ nìyẹn. Nínú ìtọ́jú, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá onímọ̀ ṣe bí ẹni ń bá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ṣe, inú ìyẹn gan-an ni wọ́n ti ń rí ọgbẹ́ àtijọ́. Ìwé ìròyìn kò lè ṣe é.

Bicudo kì í ṣe dókítà. Níbi ìpàdé kan lọ́dún 1954, àwọn dókítà pariwo lé e lórí pé ayédèrú ni. Ó lọ kàwé sí i ní London, ó padà dé, ó sì ń kọ́ àwọn mìíràn níṣẹ́ náà ní São Paulo àti Brasília. Ọdún 2003 ló kú.